Àwọn Páálí Abẹ́ Ibùsùn

Kò-Sí-Wàhálà ni wọ́n ń pe obìnrin kan ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́, torí gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa ń sọ bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọjà wá. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí níbi iṣẹ́: akọ̀wé ń ta bàtà, nọ́ọ̀sì ń ta abọ́, gbogbo wọn á sì máa wí pé, "Gbé e lọ, tóṣù bá parí, o sanwó." Obìnrin yìí á nu omi ọṣẹ ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ, á gba ọjà, á ní, "Kò sí wàhálà."

Wàhálà wà o. Bí owó oṣù bá dé, kó tó gbóná lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn olówó ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Yóò san tibí, yóò bẹ tọ̀hún, yóò yá tuntun fi dí ti àtijọ́. Ìyókù kì í tó owó ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ló ń fi rìn relé, ẹ̀yìn tó ti tẹ̀ látàárọ̀ á sì máa dùn ún.

Kì í ṣe wọ̀bìà. Ó máa ń rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹni tó ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì látàárọ̀, bó bá rí abọ́ tó ń dán, ọkàn rẹ̀ á fà sí nǹkan mímọ́ tó jẹ́ tirẹ̀. Àmọ́ bó ṣe ń gbà á lọ́wọ́ ọlọ́jà ni adùn rẹ̀ mọ. Tó bá délé, abẹ́ ibùsùn ló ń tì í sí. Ọkọ rẹ̀, ajórin tó ń ṣe ilẹ̀kùn, ti sọ̀rọ̀ títí ó ti sú u.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, ìyá rẹ̀ wá. Màmá jókòó sétí ibùsùn, ó ń fi etí aṣọ nu ojú tó ń ṣomi.

"Ọmọ mi, oògùn ojú mi ti tán. Bá mi wá nǹkan díẹ̀."

Ọmọ tú báàgì, ó tú àpò. Òfìfo.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kóṣù parí."

Ẹsẹ̀ màmá kọ lu páálí kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú sábẹ́ ibùsùn, ó rí wọn, páálí lórí páálí, kò sí èyí tí wọ́n tíì ṣí.

"Kí ló wà nínú wọn?"

"Abọ́ ni, Màmá."

"Ta ló ń jẹun nínú ẹ̀?"

Ọmọ ti páálí náà padà sábẹ́ ibùsùn. Màmá kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n fún òun lómi mu, ó sì fẹ̀yìn lélẹ̀.

Páálí kan ṣoṣo ló ti san owó rẹ̀ tán. Aládùúgbò kan rà á ní owó pọ́ọ́kú, oògùn ojú sì wọlé. Obìnrin náà kó ìyókù padà fún àwọn tó ni wọ́n.

"Ọjà tó ti pẹ́ nílé ẹ?" nọ́ọ̀sì ní. "Ìdajì owó ni mo máa kà á sí o."

"Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, Àǹtí."

Bó ṣe di ẹni tó ń san gbèsè ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ nìyẹn. Òun àti ọkọ rẹ̀ fẹnu kò: owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ yọ, gbèsè tó kéré jù ni wọ́n á sì kọ́kọ́ pa. Kò ní ra àwìn mọ́. Bí nǹkan bá wọ̀ ọ́ lójú, á lọ sùn ná. Bílẹ̀ bá mọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í rántí àwọ̀ rẹ̀ mọ́.

Níbi iṣẹ́, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. "Ahun ti dé o!" Ó ń dùn ún. Nígbà kan ó ṣubú: ó gba bàtà pupa kan láwìn. Ọkọ rẹ̀ wò ó, ó ní, "Ó wuyì o," ó sì kọjú sí oúnjẹ rẹ̀. Obìnrin náà kó bàtà náà padà sínú páálí rẹ̀. Láàárọ̀ ó dá a padà. Akọ̀wé pòṣé sí i.

Ó lé lọ́dún kan kó tó san gbèsè tó gbẹ̀yìn.

"Mo níkòkò tuntun o," nọ́ọ̀sì ní bó ṣe ń gbowó.

"Ẹ ṣé, Àǹtí. Ìkòkò wà nílé."

Ó ti rò pé inú òun á dùn lọ́jọ́ náà. Ó kàn rí bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀, tí ọrùn ṣì ń ro ó ni. Nílé, ó jókòó sórí ẹní.

"Ó ti tán?" ọkọ rẹ̀ bi í.

"Ó ti tán."

"Kí la wá fẹ́ fi owó tó ṣẹ́ kù ṣe?"

"Ẹ jẹ́ kó wà ńbẹ̀ ná," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n nasẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ dìde, ó lọ gbé ọbẹ̀ kaná.