Ìkórè Tí Wọ́n Lu Ẹrù Eré Mọ̀ọ́mì Ní Gbàǹjo

Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìròyìn ni mo sì ń ṣe. Iṣẹ́ wa kì í dùn nígbà tí ìlú bá tòrò. Bí gbogbo kẹ̀kẹ́ Márúwá bá ń lọ jẹ́jẹ́ lójú ọ̀nà tiwọn, tí ẹnikẹ́ni ò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ lọ́jà, kí la fẹ́ kọ? Ìgbà tí nǹkan bá dàrú ni ọ̀gá wa máa ń rántí pé mo wà níbi iṣẹ́.

Mọ̀ọ́mì mi, tí wọ́n ń gbé ní Oǹdó, ò fara mọ́ èyí rárá. Tíṣà lítíréṣọ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọn kì í sì í fi ètò ṣeré.

“Ìtàn dà bí ilé,” ni wọ́n máa ń wí. “Bí àlejò bá wọlé tí kò mọ ibi tí wọ́n ń gbà dé yàrá, ẹni tó kọ́lé ló jẹ̀bi.”

Mo ní, “Mọ̀ọ́mì, bí nǹkan ò bá dàrú, kò sí ìtàn.”

“Ìyẹn ni ìwé ìròyìn yín ṣe ń rí bẹ́ẹ̀ yẹn.”

Ní ọdún kan tí kò tíì pẹ́, Ẹgbẹ́ Ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní kí wọ́n tún kọ eré fún ìkórè, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Eré náà kò lọ́jú pọ̀. Obìnrin kan lọ bá ọmọ rẹ̀ ṣe ìtọ́jú ìkókó, ọkọ tó fi sílẹ̀ sọ ilé di ààtàn, ìyàwó padà dé, ó sì dá ohun gbogbo padà sí àyè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin aláṣọ kan ló ṣe ìyàwó ilé. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ga gọ̀gọ̀rọ̀, ló ṣe ọkọ, nítorí pé kò sí ọkùnrin tó gbà láti wá sí ìdánrawò. Wọ́n fi òwú dúdú ṣe irunmú fún un.

Eré yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà fún Mọ̀ọ́mì. Ní ọdún tó ṣáájú, oorun ti gbé ìjọ lọ kí eré wọn tó dé ìdajì, àwọn ọ̀dọ́ sì ti ń bẹ Fíkà, àlùfáà ìjọ náà, pé kí wọ́n fún àwọn ní àkókò náà kí àwọn fi jó. Níṣojú mi ni Fíkà ṣe wí fún Mọ̀ọ́mì pé, “Màmá Tíṣà, ẹ má bínú. Bí tọdún yìí bá tún rí bí tèṣí, àwọn ọ̀dọ́ la máa gbé e fún.”

Mọ̀ọ́mì tún gèlè wọn ṣe. “Fíkà, kò ní sí àṣìṣe kankan.”

Lọ́jọ́ ìkórè, mo wa mọ́tò láti Àkúrẹ́, mo sì bá Mọ̀ọ́mì níwájú pẹpẹ. Aṣọ àwọn akọrin àlejò ti kún yàrá ẹ̀yìn, kò sí ibòmíì tí wọ́n lè kó ẹrù eré sí. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, wọ́n sì to ẹrù náà sórí rẹ̀. Odó wà lápá òsì, ọmọ odó sùn tì í. Àpótí ìjókòó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìkòkò, fìtílà, iṣu bíi mélòó kan, àti ẹní tí wọ́n ká rogodo. Ó dùn ún wò.

“Mọ̀ọ́mì, ó dà bíi ṣọ́ọ̀bù.”

“Bí ẹrù bá ti wà láyè rẹ̀, ẹni tó fẹ́ mú un ò ní wá a kiri,” ni wọ́n wí, wọ́n sì lọ lẹ irunmú mọ́ nọ́ọ̀sì.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí gbogbo ẹni tó ń lọ ìkórè nílẹ̀ wa mọ̀, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tó bá ti wà níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ náà, ti Ọlọ́run ni, gbàǹjo ni wọ́n sì máa lù ú. Ọ̀gá mi pè mí lórí fóònù, mo bọ́ síta. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi, ẹnu àwọn tó rí i ni mo ti gbọ́ ọ.

Ìyá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà sọ fún mi pé, “Onígbàǹjo ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán, ó ta adìẹ tán, ó wá yíjú, ó rí odó. Ló bá pariwo, ‘Ẹ wo odó! Ta ló fẹ́ fi gúnyán Kérésì?’ Ojú ẹsẹ̀ ni Bàbá Ìjọ nawọ́. Àwa náà ò kúkú mọ̀. Èmi ni mo ra fìtílà.”

Nígbà tí mo máa padà wọlé, odó ti wà láàárín ẹsẹ̀ Bàbá Ìjọ, ẹní wà lábẹ́ apá ẹnìkan, ìkòkò sì wà lórí itan ẹlòmíì. Aṣọ funfun pàápàá ti lọ. Mọ̀ọ́mì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìwé eré lọ́wọ́.

“Ta ló kó ẹrù mi?”

Akẹ́kọ̀ọ́ wọn àtijọ́ ni onígbàǹjo. Ó dọ̀bálẹ̀. “Yéè, Mà! Tiyín ni? Mo rò pé ti Ọlọ́run ni.”

“Ṣé o ò lójú ni?”

“Ẹ tò ó jù ni, Mà! Ta ló ń to ẹrù eré báyẹn? Ká ní ẹ jù ú sílẹ̀ wúruwùru, mi ò bá kọjá lára ẹ̀.”

Fíkà wo aago. Lápá ọ̀tún, àwọn ọ̀dọ́ ti ń na ẹsẹ̀ fún ijó. Mọ̀ọ́mì wo ojú ewé àkọ́kọ́, wọ́n wo ilẹ̀ tó ṣófo, wọ́n sì fi ìwé náà lé mi lọ́wọ́. Wọ́n yíjú sí ìyàwó ilé.

“Wọlé. O ti tàjò dé.”

“Màmá, mi ò tíì lọ!”

“O ti lọ, o ti dé. Wọlé!”

Aláṣọ wọlé. Kò nílò eré ṣíṣe. Ojú tó fi wo ilẹ̀ yẹn, òótọ́ ni. “Yéè! Wọ́n ti kó ilé mi! Bàbá àwọn ọmọ, odó mi dà?”

Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì wà lórí ẹní, kó máa hanrun. Kò sí ẹní. Ó dúró gbagidi, irunmú rẹ̀ ń já bọ́. “Mo… mo tà á.”

Ìjọ hó yè.

“Ta lo tà á fún?”

Nọ́ọ̀sì na ìka sí gbogbo ìjọ. “Àwọn wọ̀nyí ni!”

Aláṣọ bọ́ sáàárín àga. Ó gba fìtílà, ó gba ìkòkò, ó ń bú ọkọ rẹ̀ bọ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá gbé ọ̀kan wá síwájú. Ọ̀dọ̀ Bàbá Ìjọ ni ọ̀rọ̀ ti dúró.

“N ò ní fún ọ. Mo ti sanwó, Ọlọ́run sì ti gbà á.”

“Bàbá, odó ìyá ọkọ mi ni!”

“Kí ìyá ọkọ ẹ wá gbà á fúnra ẹ̀.”

Aláṣọ yíjú padà. Ó wo Mọ̀ọ́mì. Kò sí ìyá ọkọ nínú eré náà, Mọ̀ọ́mì sì ni ẹni tó máa ń bá èèyàn jà bó bá fi ọ̀rọ̀ kan kún ohun tí wọ́n kọ. Mọ̀ọ́mì bọ́ síwájú, wọ́n tú gèlè, wọ́n fi gba ìdí.

“Èmi rèé. Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?”

“Rárá o.”

“Odó yẹn, ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ gbé e bọ̀, ká gúnyán.”

Bàbá Ìjọ gbé odó, ó ń jó bọ̀. Àwọn tó ra iṣu àti ẹní tẹ̀ lé e. Ìjọ ti dìde dúró. Mọ̀ọ́mì wà láàárín wọn, wọ́n ń nàka: “Apá òsì! Bàbá, apá òsì, mo ní!”

Kò sí ẹni tó sùn. Lẹ́yìn ìsìn, mo ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn bí ìṣe mi. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ní, “Gbàǹjo inú eré yẹn ló dùn mọ́ mi jù. Màmá Tíṣà mọ eré kọ ṣá!” Nọ́ọ̀sì ní, “Ẹ bá mi kọ ọ́ pé èmi ò ta nǹkan kan o.” Fíkà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Màmá Tíṣà, àkókò yẹn ti di tiyín. Ṣùgbọ́n irú èyí gan-an la fẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀.”

Lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, mò ń rò ó pé èmi ni mo jàre, pé bí nǹkan ò bá dàrú, kò sí ìtàn. Àfi bí mo ṣe rántí pé ìgbà tí odó dé apá òsì ni ìjọ tó pàtẹ́wọ́ jù.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo bá wọn níbi ìdánrawò. Mọ̀ọ́mì ti kọ gbogbo ìdàrúdàpọ̀ tèṣí sínú eré, ti ọ̀rọ̀ ti ẹ̀rín. Onígbàǹjo sáré wọlé, òógùn bò ó.

“O ti pẹ́!” ni Mọ̀ọ́mì wí. “Ojú ewé kejì ló ti yẹ kó o da eré rú.”