Páásípọọ̀tù Tí Kò Tó Àtẹ́lẹwọ́

Ní aago méjìlá ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lọ́jọ́ tí n kò lè gbàgbé, èmi àti Rosa wà lórí ìlà nínú gbọ̀ngàn kan ní Duluth, ní Amẹ́ríkà. A jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Ọmọ Bòlífíà ni. Ọdún àwọn ará Bòlífíà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ohun tí èèyàn bá ń fẹ́, yóò ra èyí tí wọ́n ṣe ní kékeré kí ti gidi lè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, bàbá àgbà kan yóò sì fi èéfín tùràrí súre sí i ní aago méjìlá gan-an.

Páásípọọ̀tù Amẹ́ríkà kékeré ni Rosa rà fún mi. Ọjọ́ kejì ni màá ṣe ìdánwò láti di ọmọ ilẹ̀ yìí. Mo ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá tún fìdí rẹmi, yóò pẹ́ kí n tó lè mú Dàpọ̀, ọmọ mi kan ṣoṣo, wá láti Ìbàdàn.

Bí Pásítọ̀ ìjọ mi bá gbọ́ pé mo wá gba irú ìsúre yìí ńkọ́? Mo yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

Rosa ní, “Bàbá, ta ló ń lé yín?”

Ó kàn mí. Èéfín bo ìwé náà. Bàbá àgbà sọ̀rọ̀, Rosa sì túmọ̀ rẹ̀: “Ó ní kí ẹ sọ ohun tí ẹ ń fẹ́ síta.”

Láti ìgbà tí ìyá Dàpọ̀ ti kú, n kò tíì sọ ohun tí mò ń fẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Aago méjìlá lù.

Mo ní, “Mo fẹ́ kí ọmọ mi wá bá mi gbé. Ilé ti dákẹ́ jù.”

Bàbá náà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ mi mú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó lọ ṣe ìdánwò, mo pe Dàpọ̀. Mo sọ fún òun náà pé ilé ti dákẹ́ jù, pé mo fẹ́ kó wá bá mi gbé.