Ewúrẹ́ Ojú Fèrèsé

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Èmi pàápàá, tí kì í bá ṣe pé ọwọ́ mi ni mo fi ń gbé oúnjẹ síwájú ìyá mi, ǹ bá ní irọ́ ni. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún gbáko ni ìyá mi, alátọ̀gbẹ, fi gbààwẹ̀ lójú mi, n kò sì mọ̀.

Àtọ̀gbẹ ti bá a gbé ju ogún ọdún lọ. Wọ́n ti gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì, ojú rẹ̀ sì ti di bàìbàì. Síbẹ̀, tí mo bá ti Ìjágbo, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, dé lórí ọ̀kadà, ìró ẹsẹ̀ mi nìkan ló fi ń mọ̀ bóyá ẹnì kan ti bí mi nínú. Àwa méjì la kù sínú ilé l'Ọ́fà. Èmi ni mo sì ń dáná. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Kí oṣù Ràmàdáànì tó yọ, dókítà ní kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀. Ààfáà àdúgbò náà ní kí ó máa bọ́ tálákà kan lójoojúmọ́ dípò rẹ̀. Ìyá mi ní, "Mo ti gbọ́." Ọkàn mi balẹ̀.

Láràárọ̀, mo máa ń gún un ní abẹ́rẹ́ ṣúgà, màá wá gbé wíìtì, ẹ̀fọ́ àti ẹran kan sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Abẹ́rẹ́ yẹn kò fẹ́ inú òfo rárá. Ẹni tó bá gbà á tí kò jẹun lè dákú.

"Ẹ jẹun kí n tó lọ, Ìyá mi."

"Ṣé o fẹ́ máa ka òkèlè mọ́ mi lẹ́nu ni? Máa lọ, ọkọ mi. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń retí ẹgba rẹ."

Bí mo bá dé, àwo á ti mọ́, ẹran nìkan ló máa ń kù. Ó ní eyín òun ò gba ẹran mọ́. Èmi ni mo ń jẹ ẹ́, èmi tí n kì í gbààwẹ̀, nítorí ọgbẹ́ inú mi kì í rántí ara rẹ̀ àfi nínú oṣù ààwẹ̀. Ẹ̀rọ tá a fi ń wo ṣúgà ní ó ń wálẹ̀, mo sì fi oúnjẹ mi yangàn fún aránṣọ tó múlé tì wá.

Ó ní, "Òótọ́ ni. Ewúrẹ́ tèmi náà ń sanra, n ò mọ ohun tó ń jẹ."

"Iléyá ló ń múra fún," ni mo fi dá a lóhùn. A jọ rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, aránṣọ yìí ló pè mí síléèwé pé kí n máa sáré bọ̀. Nígbà tí mo dé, ìyá mi wà nílẹ̀, òógùn bò ó. Ewúrẹ́ aránṣọ ti ki orí bọ fèrèsé, ó ń lá àwo. Ẹran nìkan ló ṣẹ́ kù. Ewúrẹ́ kì í jẹ ẹran. Tíṣà tó mọ̀wé ni mí, àmọ́ ọjọ́ yẹn ló tó yé mi.

Ní ọsibítù, wọ́n fa omi sí i lára. Ó lajú díẹ̀.

"Ìyá mi, ṣebí ààfáà ní kí ẹ má gbà á?"

"Tèmi ló ní kí n má gbà. N ò gba tèmi." Ó mí kanlẹ̀. "Tìẹ ni mò ń gbà. Gbogbo èyí tó o ti ń sá fún láti kékeré, ta ni yóò gbà á?"

"Kí ló dé tí ẹ jẹ́ kí n máa gún yín lábẹ́rẹ́?"

"Ká ní mo kọ̀ ni, ò bá ti mọ̀."

Kó tó di ìrun alásàrí, ó ti lọ. A sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, n ò mọ ìgbà tí mo ro wíìtì. Ìgbà tí mo gbé àwo dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo tó rí i pé kò sẹ́ni kankan níbẹ̀. Ewúrẹ́ yọ orí. Ó kọ́kọ́ wo ibi tí ìyá mi máa ń jókòó sí, kò wo èmi. Lẹ́yìn náà, ó jẹun tán pátá, ó ṣẹ́ ẹran kù fún mi.

N ò fọwọ́ kàn án. Ọgbẹ́ inú mi kò sì sọ nǹkan kan títí oòrùn fi wọ̀.