Ojú Oórì Ẹ̀yìnkùlé Ilé Wa ní Òtò

Òórùn tó kọ́kọ́ máa ń pàdé mi nílé wa tó wà ní Òtò, lọ́dún tí wọ́n ń sọ ọ́ di òtẹ́ẹ̀lì, ni òórùn ẹfun tútù tí wọ́n pò mọ́ yanrìn, pẹ̀lú òórùn pákó àtijọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Obìnrin tó gba ilé náà lọ́wọ́ wa kò jẹ́ kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì kan ara ògiri rárá. Ó ní ẹfun ni àwọn tó kọ́ ilé náà lò, ẹfun náà lòun máa fi tún un ṣe, torí pé ó máa ń jẹ́ kí ògiri mí. Nígbà tí mo gbọ́ pé ògiri ń mí, mo wo obìnrin náà látòkè délẹ̀, mo sì sọ nínú ara mi pé ẹni yìí máa gba nǹkan lọ́wọ́ wa.

Ìwọ náà mọ irú ilé tí mò ń sọ. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, orí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ róbótó, wọ́n gbẹ́ òdòdó sára ògiri lókè ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, àtẹ̀gùn onípákó rẹ̀ sì máa ń ráhùn tí ènìyàn bá ń gùn ún. Bàbá tó bí bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè. Nígbà tó fi máa di ìgbà tiwa, òrùlé ti ń jò, àwọn ayálégbé ti kó jáde, àwa ọmọ ilé náà sì ti fọ́n ká sí Sùúrùlérè àti Ìlúpéjú. Lọ́jọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá, wọ́n fi ọ̀dà pupa fa àmì sára ògiri iwájú. Bí a kò bá tún un ṣe, wọ́n máa wó o. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tí apá rẹ̀ ká àtúnṣe yẹn. Ibi tí a ti ń wo ara wa lójú ni obìnrin yìí ti yọ. Ó ní kí a fi ilé náà háyà fún òun fún ọdún gbọọrọ, òun máa tún un ṣe bó ṣe wà, òun á sì sọ ọ́ di òtẹ́ẹ̀lì ńlá tí kò ní ba àyíká jẹ́. Oòrùn ló máa fún un níná, òjò ló máa fún un lómi, pákó tí wọ́n bá tú kúrò lára ilé náà ni wọ́n á fi kan bẹ́ẹ̀dì. Ó ń sọ ọ́, inú rẹ̀ ń dùn. Èmi ń wò ó.

Gbogbo ìdílé fara mọ́ ọn, àfi Màmá Àgbà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, òun nìkan ló sì kù nínú àwọn ọmọ ìyá wọn. Láìsí ìfọwọ́sí rẹ̀, kò sóhun tí ẹnikẹ́ni lè fi ilé yẹn ṣe. Nígbà tó yá, ó gbà, ṣùgbọ́n ó fi àdéhùn kan sí i. Pèpéle sìmẹ́ǹtì kan wà lẹ́yìnkùlé, lẹ́bàá igi gúáfà. Abẹ́ rẹ̀ ni bàbá tó kọ́ ilé náà sùn sí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ fún wa láti kékeré. Gbogbo Mọ́ńdè Àjíǹde la máa ń lọ fọ̀ ọ́, a ó kùn ún ní funfun, a ó kọ orin ìyìn kan, Màmá Àgbà á sì kúnlẹ̀ títí tí a ó fi máa wo aago. "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibẹ̀," ó sọ fún obìnrin náà. "Ọjọ́ tí ẹ bá ṣí i, mo gba ilé mi padà, kí ìjọba wá wó o." A mọ̀ pé ó máa ṣe é. Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ ni kó o máa ṣọ́ wọn. Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń fura." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mi ò bá wọn jiyàn, torí ó kúkú rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ọdún tó pọ̀ kọ́ ọmọ girama ní Yábàá, á ti máa gbọ́ irọ́ kí wọ́n tó pa á tán.

Bí ilé ìwé bá ti parí ní Fúráìdè, mo ti gba Òtò lọ nìyẹn. Obìnrin yẹn á kúnlẹ̀ kí mi, á gbé omi tútù wá, á gbé ṣinṣín wá. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ kí mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ara máa ń fu mí sí i. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé omi òjò tó ń sọ yìí, ibo ló máa tọ́jú ẹ̀ sí. Ó ní àwọn ṣì ń wá àyè, ojú rẹ̀ sì yà bàrà sí ẹ̀yìnkùlé. Kò pẹ́ rárá, àmọ́ mo rí i. Lọ́jọ́ yẹn, kí n tó lọ, mo mú ṣọ́ọ̀kì nínú báàgì mi, mo fà á láti ara pèpéle náà wá sí orí ilẹ̀ tó ká a mọ́, ìlà kan tóóró tí ẹni tí kò mọ̀ kò lè kíyè sí. Bí wọ́n bá gbé e, ìlà náà á já.

Nígbà tí mo tún padà lọ, wọ́n ti fi páànù ká ẹ̀yìnkùlé mọ́. Mo bi obìnrin náà pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. "Àǹtí, ẹ má bínú, ibẹ̀ léwu ni, kí pákó má lọ já lù yín." Mo lọ bá bíríkìlà tó ń bá a ṣiṣẹ́, Àfáà kan tó ti dàgbà, tó ń wá láti Muṣin. Ẹni tó máa ń bá mi ṣàwàdà tẹ́lẹ̀ ni o. Lọ́jọ́ yẹn, ilẹ̀ ló ń wò. "Àǹtí Tíṣà, ẹ bi ọ̀gá wa," ni gbogbo èsì tó fún mi. Mo délé, mo ń rò ó sọ́tùn-ún sósì. Bí mo bá sọ fún Màmá Àgbà, ilé lọ nìyẹn. Bí mi ò bá sì sọ, àwọn àjèjì ń tú bàbá wa kúrò nínú ilẹ̀, èmi tí wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ọ ń mumi tútù wọn.

Fúráìdè tó tẹ̀ lé e, mo gba àyè kúrò nílé ìwé kí àkókò tó tó, kí wọ́n má lè múra sílẹ̀ dè mí. Mi ò kí ẹnikẹ́ni. Mo ti páànù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìlà tó wà lára pèpéle àti èyí tó wà nílẹ̀ kò ko ara wọn mọ́. Wọ́n ti gbé e, wọ́n sì ti dá a padà. Bí mo ṣe pariwo lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó ń tajà níwájú ilé gbọ́ ọ. Àfáà sáré dé, obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ẹfun kún gbogbo irun rẹ̀.

"Níbo lẹ kó egungun bàbá wa sí?"

"Àǹtí, ẹ gbọ́ mi ná. Mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ fún yín. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ó yẹ kó bà yín!"

Obìnrin náà ṣẹ́jú sí Àfáà, ìyẹn sì fi irin gbé pèpéle náà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Atẹ́gùn tútù kan jáde lù mí lójú. Mo wolẹ̀. Omi ni mo rí. Táńkì omi gbalasa kan tí wọ́n fi bíríkì kọ́ sábẹ́ ilẹ̀ ló wà níbẹ̀, ẹnu ọ̀pá alámọ̀ kan sì yọ lára ògiri rẹ̀. Òun ni omi òrùlé máa ń gbà wọlé láyé àtijọ́. Obìnrin náà ní ọ̀pá yẹn làwọn rí nígbà tí àwọn ń tún ògiri ẹ̀yìn ṣe, àwọn tọ̀ ọ́ lọ, ó sì gbé àwọn débẹ̀. Mi ò gbà. Mo ní àwọn ló kó òkú kúrò tí wọ́n rọ omi síbẹ̀. Inú bí Àfáà gan-an. "Àǹtí Tíṣà, mo bẹ̀rù Ọlọ́run. Èmi? Kí n hú òkú?" Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó na ọwọ́ sínú. Mo wá rí àmì ibi tí omi ti máa ń kún dé lára bíríkì, ìlà lórí ìlà, èéhọ̀ aláwọ̀ ewé sì ti bo ìsàlẹ̀ wọn. Kò sẹ́ni tó lè fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣe irú ẹ̀. Kò sẹ́ni tí wọ́n sin síbẹ̀ rí.

Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń lọ sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, níbi tí Màmá Àgbà ń gbé, àánú rẹ̀ ló gbà mí lọ́kàn. Ìyá arúgbó ti ń kúnlẹ̀ síwájú táńkì omi láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé. Mo pinnu pé mi ò ní sọ fún un. Mo bá a níwájú ilé, ó ń ṣa èèrí kúrò nínú ìrẹsì.

"Wọn ò fọwọ́ kàn án?"

"Wọn ò fọwọ́ kàn án, Mà."

Ó wo ojú mi pẹ́. Ó gbé atẹ ìrẹsì kalẹ̀.

"Ṣé omi ṣì wà níbẹ̀?"

Mo jókòó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀. Ó ti mọ̀ látìgbà yẹn wá. Mo ní, "Màmá, bàbá wa ńkọ́?" Ó ní Abẹ́òkúta ni wọ́n sin bàbá sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ó wá dárúkọ ẹnì kan tí mi ò gbọ́ rí, orúkọ ọmọkùnrin. Àbúrò rẹ̀ ni, òun ló ṣáájú bàbá mi. Ọmọ ọdún méje ni Màmá nígbà náà, pákó lásán ni wọ́n sì fi ń bo ẹnu táńkì náà. "Wọ́n ní kí n mójú tó o. Mo ní kó jókòó. Mo sáré lọ síwájú lọ wo rélùwéè tó ń fọn. Nígbà tí mo padà dé, pákó ti yẹ̀."

Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe òkú ọ̀fọ̀. Wọn kì í fi ojú oórì irú ọmọ bẹ́ẹ̀ han ìyá rẹ̀. Àwọn ọkùnrin àdúgbò gbé e lọ, ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní kí ìyá wọn dáná bí ó ṣe ń dáná, wọ́n ní kí Màmá dákẹ́, pé tó bá ń sunkún, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní dúró. Ìyá wọn wá pe bíríkìlà, ó ní kó fi sìmẹ́ǹtì bo ibẹ̀. Nígbà tó bí bàbá mi, tí ìyẹn ń rìn, ó sọ fún un pé bàbá àgbà ló sùn síbẹ̀, kó má ṣeré débẹ̀. Ìbẹ̀rù ló fi lé ọmọ sẹ́yìn, ó sì tún fi rí ibi tó lè máa kúnlẹ̀ sí láìsí ẹni tó máa bi í ní ìbéèrè. Nígbà tó kú, Màmá gbà á ṣe.

Mo bi í léèrè ohun tó fẹ́ kí a ṣe. Ó ní kí n sọ fún gbogbo ilé. Ó ní kí obìnrin náà máa lo omi rẹ̀, kó máa fi bomi rin òdòdó, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má mu ún. Ó ní kí wọ́n fi irin sí ẹnu rẹ̀, òun fúnra òun á wá wò ó kí àlejò kankan tó wọlé.

Mo sọ fún gbogbo ilé, a sì gbé Màmá lọ sí Òtò. Irin tó nípọn ni Àfáà rì mọ́ ẹnu táńkì náà, ihò rẹ̀ kò gba ju ọwọ́ lọ. Màmá fi ọ̀pá rẹ̀ tì í. Ó tún un tì. Ó ní kí Àfáà gun orí rẹ̀, ọkùnrin náà sì gùn ún. "Ẹ fò," ó wí. Àfáà wò mí. Mo ní, "Ẹ fò, ẹ jọ̀ọ́." Bàbá onírùngbọ̀n yẹn ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó fò, ó tún fò. Irin náà kò mì.

"Ọmọ kankan ò lè já síbí mọ́," Màmá wí, ẹkún sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹkún ọmọ ọdún méje tí wọ́n ní kó dákẹ́. Obìnrin olótẹ́ẹ̀lì yíjú sẹ́yìn, òun náà ń nu ojú. Mo ti ṣọ́ obìnrin yẹn, mo ti ṣọ́ Àfáà, mo fa ìlà sílẹ̀ dè wọ́n bí ẹní ń ṣọ́ olè. Mi ò fi ọjọ́ kan ṣoṣo bi ara mi léèrè ìdí tí Màmá fi máa ń pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ jù wá lọ. Ara máa ń fu mí sí ènìyàn títí di òní, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Àmọ́ àwọn ará òde nìkan ni mo máa ń fura sí nígbà yẹn, mo sì rò pé ohun tí ènìyàn bá ń fi pamọ́, ibi ni. Mo di ìyá arúgbó náà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi gúáfà, èjìká rẹ̀ ń mì lọ́wọ́ mi, mi ò sì sọ fún un pé kó dákẹ́.