Àlùkò Bàbá Réluwé

Lọ́jọ́ tí Bàbá Réluwé wẹ àlùkò rẹ̀, ariwo rẹ̀ ló kó gbogbo àdúgbò jáde. Ọyẹ́ ọdún 1978 ti da eruku bo ẹyẹ náà. Bàbá bu omi sínú abọ́, ó fi ọṣẹ fọ ìyẹ́ rẹ̀. Kíá, omi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

"Mo gbé o! Mo ti pa á!"

Salome, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé ni. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Bàbá, kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀. Àwọ̀ ìyẹ́ rẹ̀ ló ń ṣí. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé àlùkò ló losùn?"

"Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ wò ó bóyá ìwọ náà rántí ni."

Japhet Adékọ̀yà lorúkọ Bàbá, akọ̀wé réluwé tó ti fẹ̀yìn tì ní Sabon Gari, ní Kano. Ọ̀fà ló ti fi ọkọ̀ ojú irin gbé ẹyẹ náà bọ̀. Ó ní òun gé tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Àlùkò kì í jẹ ọkà, èso ló ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ìlú ọkà ni Kano. Lọ́jà, Bàbá kì í ra ìbẹ́pẹ àfi tí ẹyẹ bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

"Haba, Bàbá!" ni Mallam Audu eléso pariwo. "Ẹ̀yin lẹ̀ ń rajà ni, àbí ẹyẹ?"

"Òun ló ń rajà. Èmi bá a gbé àpò wá ni."

Nígbà tí ẹsẹ̀ Bàbá dáṣẹ́ sílẹ̀, ọrùn Salome niṣẹ́ bọ́ sí. Lójoojúmọ́, bí ilé ìwé bá ti parí, á fẹsẹ̀ rìn lọ sí àdúgbò Nassarawa, á ṣa ọ̀pọ̀tọ́ nídìí igi ńlá kan, á tún fẹsẹ̀ rìn wálé. Ọdún mẹ́ta gbáko.

"Ti àná dùn ju èyí lọ," ni Bàbá wí lọ́jọ́ kan lórí ibùsùn.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń jẹ ẹ́ ni, àbí ẹyẹ?"

"Mò ń bá a tọ́ ọ wò ni."

"Bàbá, ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ ká tú u sílẹ̀."

"Nínú eruku yìí? Ebi á pa á kú. Tí mo bá lọ tán, tú u síbi tí oúnjẹ rẹ̀ wà."

Bàbá kú ní oṣù kẹta ọdún 1984. Salome gbé àgò ẹyẹ lọ sí Nassarawa, ó ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Àlùkò kò jáde. Salome mú ọ̀pọ̀tọ́ kan, ó gé e jẹ.

"Ó dùn," ló wí fún un.

Ìgbà náà ló fò jáde, ìyẹ́ rẹ̀ pọ́n yòò.

Lọ́jọ́ kejì, bí ilé ìwé ti parí, ẹsẹ̀ Salome ti gbé e dé ààbọ̀ ọ̀nà Nassarawa kó tó rántí. Kò padà sẹ́yìn.

Oṣù karùn-ún ọdún yẹn ló rí àlùkò náà kẹ́yìn, lórí igi ọ̀pọ̀tọ́ ní Nassarawa. Ó ń jẹun.