Bí Mo Ṣe Fa Ewúrẹ́ Lọ sí Owódé Tí Mo sì Dé Ibi Tí Ìkúukùu Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Èmi nìkan ni ọmọ Ẹ̀gbá tó ti gun òfurufú láìwọ bàálù. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, kó kọ́kọ́ gùn ún wò.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi kúrò ní Igbein. Láti ìgbà tí ìyá Ìyábọ̀ ti kú, kò sí ẹni tí mo lè dágbére fún, ni mo bá dágbére fún ilẹ̀kùn. Ìyábọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kẹ́mísìrì ní Owódé. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó wá máa bá mi gbé. Mo fa ewúrẹ́ kan dání, torí ẹnu lásán kò tó bẹ ọmọ tó ń gba owó oṣù.

Awakọ̀ ní, "Bàbá, ewúrẹ́ yín máa san owó ìjókòó o."

"Ṣé o rí i kó jókòó? Ìdúró ló wà!"

Èrò rẹ́rìn-ín, awakọ̀ gbowó náà. Kòtò pọ̀ lọ́nà. Kí a tó dé, ewúrẹ́ ti tọ̀ sí mi lẹ́sẹ̀.

Ìyábọ̀ kúnlẹ̀, "Ẹ kú ìrìn, Bàbá," ló bá fọwọ́ di imú. "Ha! Amóníà pọ́ńbélé!"

Ó ní ohun tó ń ta imú nínú ìtọ̀ nìyẹn. Ó ní ó lọ́wọ́ nínú bí ìkúukùu ṣe ń bẹ̀rẹ̀: èéfín mọ́tò a máa di ásíìdì nínú afẹ́fẹ́, irú èyí tí mò ń bù sínú bátìrì ní ṣọ́ọ̀bù mi, àmọ́ ó fẹ́lẹ́ ju ohun tí ojú ń rí lọ.

"Nísàlẹ̀ níbí, ooru ń tú ásíìdì yẹn ká. Àfi bí amóníà bá dì í mú, kí wọ́n tó di eruku tín-ín-tín tí omi ń bà lé títí yóò fi di ìkúukùu. Lókè tó tutù, kò nílò olùrànlọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó so mọ́ra."

Mo ní ojú mi ni yóò ṣe ẹlẹ́rìí. Mo gun àgbọn ẹ̀yìnkùlé, mo sì ti orí rẹ̀ bọ́ sójú ọ̀run. Òtútù mú mi. Mo rí ásíìdì tó ń dì mọ́ra bí ọmọ ìyá tó ti sọnù síra wọn. Mo pe orúkọ ìyá Ìyábọ̀, kò dáhùn.

Mo sọ̀ kalẹ̀. "Ìyábọ̀, Igbein ti gbóná, mò ń tú ká. Wá bá mi gbé."

"Bàbá, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀! Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ńkọ́?"

"Ewúrẹ́ á kọ́ wọn."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó di ẹrù rẹ̀, a jọ wọ bọ́ọ̀sì. Ó gborí lé mi léjìká títí a fi kọjá Òwu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó jẹ́ irọ́ níbẹ̀. N kò gun ọ̀run. Àgbọn kankan kò sí lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ìyábọ̀ kò sì tẹ̀lé mi. Ó ní òun kò lè wá. Ó sìn mí dé gáréèjì, ó dúró tì mí títí bọ́ọ̀sì fi kún, ó ń sọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Mo ń dáhùn, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kí èrò má tètè pé.