Lékelèké Tí Mo Bá Nínú Létúùsì

Lásìkò ọyẹ́ ní Kumasi, bí èèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ láti Fante New Town lọ sí àfonífojì tí a ti ń gbin ẹ̀fọ́, kò ní kọ́kọ́ rí nǹkan kan. Ìkùukùu á ti bo gbogbo ibẹ̀. Ohùn omi ni yóò gbọ́, àti ohùn garawa tó ń kan etí kànga, àti ikọ́ ẹnì kan tí kò ní mọ ibi tó wà. Lẹ́yìn náà ni àwọn ebè á wá máa yọ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ewé tútù orí wọn, bí ẹni pé inú àlá ni wọ́n ti ń bọ̀. Bí mo bá di ojú mi lónìí, ibẹ̀ náà ni mo máa ń bá ara mi.

Kumasi ni wọ́n bí mi sí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn òbí mi, òwò ló gbé wọn débẹ̀. Èmi náà ta abọ́ àti ìkòkò ní Adum títí ọjà fi kú mọ́ mi lọ́wọ́, lọ́dún tí ọ̀dá dá tí igbó ń jó káàkiri. Ebi ló lé mi dé ìdí ẹ̀fọ́, n kò ní purọ́ pé ìfẹ́ ni. Bàbá Alfa ló gbà mí síṣẹ́. Ọmọ Ìlọrin ni, Sawaba ló ń gbé. Ní ìrọ̀lẹ́ ó máa ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú, láàárọ̀ ó máa ń gbin ẹ̀fọ́.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní kí n bomi rin létúùsì, ewé tí wọ́n ń jẹ láìsè. Mo pọnmi, mo dà á bí ẹni ń fọ ọkọ̀. Bàbá dúró, ó ń wò mí títí mo fi ṣe tán.

"Dúpẹ́," ó ní, "o ti rì wọ́n sómi. Ṣé o ti rí òjò tó ń fi garawa rọ̀ rí?"

Ó wá fún mi ní agolo tí wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí lẹ́nu, ó kọ́ mi bí a ti ń gbé e sókè kí omi lè máa sẹ̀ sílẹ̀ bí ìrì. Ó kọ́ mi pé ebè gbọọrọ tí a ń gbin ẹ̀fọ́ sí, bẹ́ẹ̀dì ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa pé mo ti ní bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà, ìyá kan bi mí pé èèyàn mélòó ló ń sùn nílé mi.

Maame Afua, obìnrin Asante kan tó ti dàgbà díẹ̀, ni oníbàárà wa tó ń rà jù. Kì í ra ewé lẹ́yọ lẹ́yọ. Odindi bẹ́ẹ̀dì ló máa ń rà, á wá fà á fúnra rẹ̀, á sì kó o lọ fún àwọn tó ń ta wáakyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n jọ sè pọ̀, torí wọ́n máa ń gé létúùsì tútù lé e lórí. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni Kwabena, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbin kábéèjì. Kànga kan náà la jọ ń pọn. Níbẹ̀ la ti ń bomi rin ẹ̀fọ́, níbẹ̀ la ti ń bọ́jú, níbẹ̀ ni Bàbá Alfa ti ń ṣe àlùwàlá bí àkókò ìrun bá bá a lẹ́nu iṣẹ́, níbẹ̀ náà la sì ti ń bu omi mu bí òùngbẹ bá gbẹ wá. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, kòkòrò wọ kábéèjì Kwabena, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ìdí ẹ̀fọ́ wa. Mo rí nǹkan funfun kan láàárín létúùsì wa, mo rò pé aṣọ tí ẹnì kan sá ni atẹ́gùn gbé wá. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, mo rí i pé lékelèké ni. Àwọn lékelèké jẹ́ ojúlùmọ̀ wa. Bí a bá ti ń ro ilẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé wa, wọ́n á máa ṣa ekòló, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí ọwọ́ tó wọn. Èyí kò tilẹ̀ gbìyànjú láti fò. Ó na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó ń gbọ̀n, itọ́ ń fà lẹ́nu rẹ̀. Mo fi ìborí mi gbé e. Ó fúyẹ́ débi pé ó dà bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ni mo wé sínú aṣọ. Mo wo ojú rẹ̀: dúdú àárín rẹ̀ ti sún kì, kò ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ.

Bàbá Alfa dé bá mi níbi tí mo lóṣòó sí.

"Ṣé wọ́n sọ ọ́ lókò ni?"

"Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀, Bàbá."

Ó fọwọ́ tọ́ ìyẹ́ rẹ̀ wò, kò kán. Ó gbé ẹnu ẹyẹ náà sún mọ́ imú, ó sì ní kí èmi náà gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó ń rùn bí aáyù tó ti bàjẹ́.

"Oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó nìyí," ni Bàbá wí jẹ́ẹ́. "Kòkòrò tó jẹ oògùn ló ṣa jẹ."

A rọra tẹ́ ẹ sábẹ́ igi ìbẹ́pẹ, a fi apẹ̀rẹ̀ bò ó kí ajá má baà gbé e. A kò mọ ohun mìíràn tí a lè ṣe. Bí a ti dìde ni ikọ́ kan dún nínú ìkùukùu, lọ́nà ilẹ̀ Kwabena. A tẹ̀ lé ohùn náà.

Kwabena ló nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kábéèjì rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń gbin àlùbọ́sà lókè wa ti da aṣọ bò ó. Ó ní bí Kwabena ti dé láàárọ̀ náà ló ṣubú, pé ibà ni, òun sì ti rán ọmọ kan lọ já ewé dóńgóyárò. Lóòótọ́ ló ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó ń làágùn nínú òtútù ọyẹ́ yẹn, itọ́ sì ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. N kò mọ ohun tó wọ̀ mí lára. Mo kúnlẹ̀, mo la ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Bàbá," mo ní, "ojú lékelèké nìyí."

Bàbá Alfa wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó kàn pe Ọlọ́run. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé e gun òkè dé títì. Onítakisí tí a dá dúró kọ̀, ó ní ẹni yìí á kú sínú ọkọ̀ òun. Bàbá ti wọlé jókòó, ó sì ti gbé orí Kwabena lé itan.

"Bó bá kú, ara mi ni yóò kú sí," ó ní. "Máa wa ọkọ̀ rẹ."

Ní ilé ìwòsàn, dókítà obìnrin kan tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí béèrè ohun tó jẹ. Mo ní n kò mọ̀, ṣùgbọ́n ẹyẹ kan wà lóko wa tó ń ṣe bákan náà. Mo rò pé yóò fi mí rẹ́rìn-ín. Kò rín. Ó la ojú Kwabena, ó gbóòórùn ẹ̀wù rẹ̀, ó ní kí wọ́n bọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀, kí wọ́n fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì ń fa abẹ́rẹ́.

"Ẹ lọ wá ìgò oògùn náà wá," ó ní. "Ẹ tètè."

Etí kànga ni mo ti rí ìgò náà. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀rọ tí Kwabena gbé kọ́ ẹ̀yìn fín oògùn wà. Ó ti fọ̀ ọ́ níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àná. Mo bojú wo inú kànga. Epo tẹ́ẹ́rẹ́ kan léfòó sójú omi, ó ń dán yinrin bí òṣùmàrè, ó lẹ́wà gan-an. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ní àná, lẹ́yìn tí Kwabena ti lọ sílé, omi yìí la fi rin létúùsì kó tó ṣú.

Mo gbé ìgò náà dé ilé ìwòsàn, mo fi Bàbá sílẹ̀ lọ́dọ̀ Kwabena, mo padà sóko. Mo ṣí apẹ̀rẹ̀. Ẹyẹ náà ti kú, ó ká ọrùn rẹ̀ sábẹ́ ìyẹ́ bí ẹni tó sùn. Maame Afua sì ti dúró létí bẹ́ẹ̀dì, ó ti to àwọn agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀.

"Dúpẹ́, ibo lẹ wà? Àwọn oníwáakyé ń retí mi."

"Maame, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó wo létúùsì náà. Oòrùn ti là, omi ṣì ń dán lórí ewé, n kò tíì rí i kó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Kò sẹ́ni tó máa mọ̀," ọkùnrin alálùbọ́sà ní. "Ẹ ṣáà fọ̀ ọ́ dáadáa."

Maame Afua ń wo ibi tí lékelèké wà.

"Èmi náà máa ń jẹ wáakyé," ó ní. Ó ká aṣọ rẹ̀ mọ́ ìdí, ó fi àpò rọ́bà wé ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á tu. A jọ fà á ni. A gbẹ́ kòtò jíjìn sókè, jìnnà sí omi, a kó gbogbo rẹ̀ sí i, a tẹ́ lékelèké náà sí àárín wọn, a sì bò ó. Ìṣẹ́ ṣẹ́ wa lọ́dún yẹn, n kò ní bò ó mọ́lẹ̀.

Mo ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ tipẹ́. Wọ́n ti kọ́ ilé sí púpọ̀ nínú àfonífojì yẹn. Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ti wà káàkiri, gbogbo wọn ló sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé bí ẹ bá rí ẹyẹ tó ṣubú lóko yín, kí ẹ tó jù ú nù, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó jẹ.

Kwabena kò kú. Nígbà tó padà wá, ó ti rù, ó dúró lókèèrè, kò lè wo ojú Bàbá Alfa.

"Agya, kosɛ," ó ní, ó ń fi Twi bẹ̀bẹ̀. "Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí ohun tí kò ní pa."

"Kò parọ́ fún ọ," ni Bàbá dá a lóhùn. "Mú ọkọ́, ká lọ."

A dí kànga àtijọ́ pa. Lẹ́yìn òjò, a gbẹ́ tuntun sí apá òkè. Ilẹ̀ pupa ló kọ́kọ́ ń jáde, lẹ́yìn náà ẹrẹ̀, títí omi fi tòrò tí a sì ń rí ojú ọ̀run nínú rẹ̀. Gbogbo wa dúró yí i ká. Kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ̀rù ń ba òun, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó na ọwọ́. Kwabena ló sọ garawa sínú rẹ̀, ó fà á sókè, ó bù ú, ó sì mu ún tán.

Ó nu ẹnu rẹ̀. "Ó dùn," ó ní.

Bàbá Alfa na ọwọ́ sí i. "Bu tèmi wá."